Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: ‘Fine’ àti Àwọn Ìtumọ̀ Rẹ̀

A ní kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí tọmọdé tàgbà ń sọ lójoojúmọ́, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó bá rú yín lójú nípa rẹ̀. ‘Fine’ ni ọ̀pọ̀ yín mú, kò sì yà wá lẹ́nu. Òun ni àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń há sórí, tí gbogbo kíláàsì á fi ohùn kan náà kọ ọ́ bí orin nígbà tí olùkọ́ bá kí wọn láàárọ̀ pé, ‘We are fine, thank you, sir’; òun náà sì ni adájọ́ ń pè nígbà tí awakọ̀ tí ó sá eré àsápajúdé bá dúró níwájú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí àyè gbà ni a tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yìí, a sì gé àwọn tí ó gùn jù kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Mo lọ ṣe ọmọ ìkókó fún ọmọ mi obìnrin ní ìlú Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ òyìnbó wá kí wa, ó múra dáadáa, mo sì sọ fún un pé, ‘You look fine.’ Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn tó bí mo ṣe rò. Mo tún fi ìrẹsì lọ̀ ọ́, ó ní, ‘I'm fine’, ni mo bá bu oúnjẹ fún un, kò sì fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Kí ni mo sọ tí kò tọ́? — Màmá kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ kò sọ ohun tí kò tọ́ rárá. Gẹ̀ẹ́sì ilé wa ni ẹ sọ, Gẹ̀ẹ́sì ilé tirẹ̀ ni obìnrin náà sì fi gbọ́ ọ. Ní Nàìjíríà, ìbáà ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì tàbí nínú Píjìn, ẹni tí a bá pè ní ‘fine’ ti rẹwà nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ‘You fine o’ tí ẹ̀rín kò ní yọ lẹ́nu rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì òde òní, bí ó bá jẹ́ nípa ìrísí ènìyàn ni, agbára ọ̀rọ̀ náà ti dínkù púpọ̀: kò sọ ju pé ìmúra náà wà bí ó ṣe yẹ, pé kò sí àléébù níbẹ̀. Ohun tí ọkọ máa ń sọ ni nígbà tí wọ́n ti pẹ́ fún òde ìnáwó, tí ìyàwó sì dúró níwájú dígí tí ó ń béèrè fún ìgbà kẹta bóyá aṣọ náà bá òun mu. ‘Ẹ kò burú’ ni obìnrin yẹn gbọ́ lẹ́nu yín.

Bí ẹ bá fẹ́ yin obìnrin níbẹ̀, ‘lovely’ ni kí ẹ lò, tàbí ‘beautiful’ bí ẹwà rẹ̀ bá jọ yín lójú lóòótọ́. ‘Pretty’ dára fún ọmọdé àti ọ̀dọ́mọbìnrin. Bí ẹ bá lò ó fún ìyá àgbà, ó lè dà bí ẹni pé ẹ ń bá a ṣeré. Ọkùnrin ni a sábà máa ń pè ní ‘handsome’, síbẹ̀ wọ́n a máa pe obìnrin tí ó ti dàgbà, tí ìdúró rẹ̀ ní iyì, bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé ìmúra ni ẹ fẹ́ yìn, ‘smart’ ni ọ̀rọ̀ wọn, láìka ìtumọ̀ ọlọ́pọlọ pípé tí a mọ̀ ọ́n sí jù lọ nílé. Ẹ sì fi èyí kún un bí ẹ bá ń lọ kí àwọn ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà: láàárín àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀, ‘fine’ tún le ju ti ilé wa lọ, nítorí pé ẹwà tí ń ru ìfẹ́ sókè ni wọ́n ń fi pè. Ọkùnrin tí ó bá sọ ọ́ fún obìnrin níbi iṣẹ́ lè rí ara rẹ̀ níwájú ọ̀gá, kí wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn.

Ní ti ìrẹsì, ‘I'm fine’ tí ó sọ kì í ṣe ìròyìn ìlera rẹ̀. ‘Ẹ ṣeun, ó tó mi’ ni. Ní ilé wa, àlejò lè kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan fún ìtìjú, kí onílé rọ̀ ọ́ títí yóò fi jẹ. Òyìnbó tí ó bá ti sọ ‘I'm fine’ ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ kò ní láti rọ̀ ọ́ mọ́.

Ìbéèrè: Mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi obìnrin lórí WhatsApp pé mi ò ní lè wá síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí ó fi dá mi lóhùn kò ju ‘Fine’ lọ. Ṣé ó gbà fún mi ni àbí ó ń bínú? — Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ìkẹjà.

Ìdáhùn: Ó gbà. Bóyá ó ń bínú ni a kò lè fọwọ́ sọ̀yà, nítorí pé ohùn ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn, èyí tí ẹ sì rí gbà kò ní ohùn nínú. ‘That's fine’ tàbí ‘It's fine’ máa ń rọ̀ létí, ó sún mọ́ ‘kò burú’ tàbí ‘kò sí wàhálà’. ‘Fine’ nìkan ṣoṣo, pàápàá nígbà tí wọ́n bá fi àmì ìdánudúró sí ìdí rẹ̀, lè jẹ́ ‘ó dáa, máa ṣe bó ṣe wù ọ́’. Ẹ máa ṣọ́ra pẹ̀lú fún ‘fine’ tí ó jẹ́ ẹ̀gàn. Bí ènìyàn bá sọ pé, ‘A fine friend you are’, ẹ má dúpẹ́ o. Ó ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń wo ẹni tó já wa kulẹ̀ lójú, tí a ó ní, ‘O káre, ọ̀rẹ́ gidi!’ A dámọ̀ràn pé kí ẹ tètè dé ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé.

Ìbéèrè: Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, a rí ‘D.C. al Fine’ nínú ìwé orin. Ẹnì kan pè é ní ‘fáìn’, ọ̀gá akọrin sì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni ó jàre? — Akọrin ohùn ìsàlẹ̀ kan, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ọ̀gá akọrin ló jàre. Èdè Ítálì ni, sílébù méjì ni a sì ń pè é, ‘fí-nè’, òpin sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. ‘Da capo al fine’ ń pàṣẹ pé kí ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin, kí ẹ sì dúró níbi tí wọ́n kọ ‘Fine’ sí, èyí tí ó sábà máa ń wà láàárín ojú ìwé dípò ìparí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n fi máa ń kọrin kọjá rẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó pè é ní ‘fáìn’ kò ṣìnà jìnnà púpọ̀, nítorí pé ìyá kan náà ló bí ‘fine’ ti Gẹ̀ẹ́sì àti èyí tí ó wà nínú ìwé orin yín. Lẹ́tà tí ó tẹ̀lé èyí ni yóò jẹ́ kí a lè ṣàlàyé.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ọ̀rọ̀ kan náà ṣe lè jẹ́ ẹwà, kó tún jẹ́ owó tí ọ̀daràn ń san nílé ẹjọ́? Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì ni, tí wọ́n kàn jọ ara wọn? — Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn ìwé atúmọ̀ èdè máa ń kà wọ́n sí, ṣùgbọ́n orísun kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Nínú èdè Látìnì, ‘finis’ ni òpin, òun náà sì ni ààlà ilẹ̀. Faransé àtijọ́ gba ‘fin’ láti ara rẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó sì gbà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀nà kan ni ti iṣẹ́ tí a ṣe dé òpin. Ohun tí kò bá ku nǹkan kan mọ́ tí a lè ṣe sí i ti pé, ó sì ti dára dé ibi tí dídára lè dé. Àwọn agbẹ́gilére wa mọ èyí dáadáa: wọn a kọ́kọ́ lé ọnà sára igi, wọn a tún un lé, wọn a dán ère náà, lẹ́yìn náà ni wọn a wá mú ọ̀bẹ tó mú fín ojú, irun àti ilà rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń gbé ère tí wọn kò tíì dán, tí wọn kò sì tíì fín, fún ẹni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. (Pé ‘fín’ tiwa àti ‘fin’ ti Faransé jọra létí kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí kọ́ àwọn ọmọ yín pé Látìnì ni Yorùbá ti wá.) Láti orí ohun tí ó dára jù lọ ni ‘fine’ ti lọ sórí ohun tí ó kúnná àti ohun tí ó tín-ín-rín, nítorí pé ibi tí a bá ti ṣiṣẹ́ délẹ̀, ìyẹ̀fun á kúnná, okùn òwú á sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí èlùbọ́ bá gba inú asẹ́ aláṣọ kọjá láìṣẹ́kù, ‘fine’ ni. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí àwọn oníṣòwò ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé àdéhùn, tí kì í ṣe fún kíkà bí kò ṣe fún fífọwọ́ sí, òun ni ‘fine print’.

Ọ̀nà kejì ni ti òpin ẹjọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹni tí ó bá ṣẹ ọba lè bá a dúnàádúrà, kí ó san owó, kí ọ̀ràn sì parí síbẹ̀. Owó tí ó fi òpin sí ọ̀ràn ni wọ́n ń pè ní ‘fine’. Nígbà tí ó yá ni ó di ìyà tí ilé ẹjọ́ ń bù fún ènìyàn láìsí ìdúnàádúrà kankan. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n fún àdéhùn tí ń parí ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ tà á yóò gbé ara wọn lọ sí kóòtù bí ẹni tí ń jà, wọn yóò sì parí ìjà náà níwájú adájọ́, akọ̀wé yóò wá kọ àdéhùn wọn ní ìlọ́po mẹ́ta sórí awọ kan ṣoṣo. Wọn a gé awọ náà sí mẹ́ta ní wọ́gọwọ̀gọ, oníkálukú wọn a mú ẹyọ kan, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ ‘fine’, yóò sì wà lọ́wọ́ kóòtù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ayédèrú ìwé jáde lẹ́yìn ogún ọdún, wọn a kàn fi ojú gígé rẹ̀ kan ti kóòtù, bí wọn kò bá bára mu, àṣírí tú. Ọdún 1195 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ẹsẹ̀ yìí, òfin ọdún 1833 ni ó sì fòpin sí àṣà náà. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá ti ra ilẹ̀ ní Èkó rí, tí ọmọ onílẹ̀ mẹ́ta sì tà á fún un lẹ́yìn ara wọn, kò ní fi àwọn ará àtijọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Shakespeare mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní apá púpọ̀, ó sì kó mẹ́rin nínú wọn pọ̀ sínú gbólóhùn kan ṣoṣo nínú eré Hamlet, níbi tí ọmọ ọba náà ti ń wo agbárí kan ní itẹ́ òkú, tí ó ní ó lè jẹ́ ti agbẹjọ́rò: ‘fine’ àkọ́kọ́ jẹ́ òpin, èkejì jẹ́ àdéhùn ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí, ẹ̀kẹta ń ṣàpèjúwe orí tó gbayì, ẹ̀kẹrin sì ń sọ̀rọ̀ erùpẹ̀ kíkúnná tí ó kún inú orí náà báyìí.

Àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀ lọ́rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. ‘Finish’ àti ‘final’ hàn gbangba. ‘Define’ ni kí a pa ààlà fún ìtumọ̀, ‘confine’ ni kí a sé ènìyàn mọ́ inú ààlà, ‘refine’ sì ni ohun tí wọ́n ń ṣe fún epo rọ̀bì ní ilé ìfọpo. ‘Finance’ pàápàá, láti ara sísan gbèsè tán ni ó ti wá.

Ìbéèrè: Oníwúrà kan sọ fún mi pé ‘fine gold’ ni òrùka tí òun fẹ́ tà fún mi. Mo yẹ inú rẹ̀ wò, mo rí 375. Ṣé kí n rà á? — Ìyàwó ọ̀nà kan, Èkó.

Ìdáhùn: Ẹ lè rà á bí iye tí ó pè é bá bá a mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ‘fine gold’. Ní ẹnu àwọn oníwúrà, ‘fine’ kò sọ nǹkan kan nípa ẹwà. Wúrà tí a kò lú mọ́ irin mìíràn ni wọ́n ń fi pè. Nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ni àwọn nọ́ńbà wẹ́wẹ́ yẹn wà. 999 jẹ́ wúrà gidi tí wọ́n ń pè ní 24 kárátì. 916 jẹ́ 22 kárátì. 750 jẹ́ 18 kárátì, ìyẹn wúrà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 375 tí ẹ rí yìí jẹ́ 9 kárátì, tí bàbà, fàdákà àti àwọn irin mìíràn fi pọ̀ ju wúrà inú rẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ yìí ló wà nínú Sáàmù 19 nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, níbi tí ‘fine gold’ ti jẹ́ ‘wúrà dáradára’ nínú Bíbélì Yorùbá. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé 24 kárátì rọ̀ jù fún òrùka tí ènìyàn yóò máa fi fọ abọ́. 18 ni àwa yóò mú. Ẹ sì gbé gíláàsì tí ń sọ nǹkan di ńlá dání, nítorí nọ́ńbà yẹn máa ń kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

Ìbéèrè: Ọmọ mi rí ìwé gbà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní ẹ̀ka ‘Fine and Applied Arts’. Ṣé iṣẹ́ ọnà kan wà tí kò ‘fine’ ni? — Bàbá kan, Oǹdó.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú oríire. Àwọn Faransé ló ń pe àwòrán kíkùn, ère gbígbẹ́ àti irú wọn ní ‘beaux-arts’, iṣẹ́ ọnà ẹlẹ́wà, ‘fine arts’ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè é. Èrò wọn ni pé a ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wíwò, nígbà tí ‘applied’ jẹ́ ti ohun tí a ń lò, bí ìkòkò, aṣọ àti àga. Ìpín náà wúlò fún yíyan ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n lójú tiwa, kò bá iṣẹ́ àwọn baba wa mu. Ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn ní Wembley ní 1924 tí ó sì wà ní British Museum títí di òní, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì ni.

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa ní kí a kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ìtumọ̀ wọn jọ ti ‘fine’. Ẹ bá mi kọ ọ́. — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọ̀ṣogbo.

Ìdáhùn: Ọmọ wa, a lè kọ ogún fún ọ, kí o sì pàdánù nínú ìdánwò WAEC síbẹ̀, nítorí pé inú gbólóhùn ni wọ́n ti máa ń fà á yọ, ọ̀rọ̀ tí ó bá tì í ni yóò sì sọ èyí tí o máa mú. Bí ó bá jẹ́ ‘fine sand’, yanrìn kíkúnná ni. ‘Powdery’ sún mọ́ ọn, òdìkejì rẹ̀ sì ni ‘coarse’. ‘Excellent’ kò lè wọ ibẹ̀ láéláé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó yẹ bí ó bá jẹ́ ‘a fine player’. Nínú ‘fine weather’, òjò kò rọ̀, ojú ọ̀run mọ́. Mú ‘clear’ tàbí ‘dry’. Nínú ‘a fine distinction’, ìyàtọ̀ tí ó wà kéré débi pé olójú inú nìkan ló lè rí i, ‘subtle’ ni. ‘I feel fine’ gba ‘well’, òdìkejì rẹ̀ sì ni ‘ill’. Bí ó bá wá di ọ̀rọ̀ orúkọ, tí wọ́n ní ilé ẹjọ́ bu ‘a fine’ fún ènìyàn, ‘penalty’ ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, ṣùgbọ́n mọ̀ pé ‘penalty’ gbòòrò jù ú lọ, nítorí ẹ̀wọ̀n náà wà nínú rẹ̀, owó ìtanràn nìkan sì ni ‘fine’. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìròyìn fi ń kọ ọ́ pé adájọ́ rán ẹnì kan lẹ́wọ̀n ‘without an option of fine’: kò sí àǹfààní pé kó sanwó dípò ẹ̀wọ̀n. ‘Levy’ kì í ṣe irú rẹ̀ rárá; ẹni tí ń san ‘levy’ kò ṣẹ̀. Owó tí wọ́n sì gbà lọ́wọ́ awakọ̀ lójú títì láìkọ rìsíìtì fún un kò sí nínú èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Orúkọ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ìbéèrè: Mo dé pápákọ̀ òfuurufú ní Houston nígbà tí wọ́n ti fẹ́ pa ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ dé. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wo ìwé mi, ó ní, ‘You're cutting it fine.’ Ṣé ó yìn mí ni? — Òǹkàwé kan, Texas.

Ìdáhùn: Rárá o. ‘Fine’ ti ohun tín-ín-rín ni ó lò: àkókò tí ẹ ṣẹ́kù sílẹ̀ fún ara yín ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ fi yín sílẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn sábà máa ń sọ ‘cutting it close’, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹni tó dá yín lóhùn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ọmọ ilé wa.